Ẹni Tí Yóò Kọjú Sí Mi Nígbà Ìkórè

Ìròyìn náà pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ kan péré ló fi pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan yẹn gan-an ni kò yẹ kó pẹ́.

Àárọ̀ kùtù tí ìkórè bẹ̀rẹ̀ ni. Kùrukùru ṣì bo gbogbo àfonífojì, débi pé Roccaspina, ìlú wa, dà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi òkúta kàn, tó gúnlẹ̀ sórí ìkùukùu. Mo gbé garawa méjì dání, mò ń gba gbàgede kọjá lọ sí ẹnubodè ìsàlẹ̀, nígbà tí Àǹtí Armida yọrí lẹ́nu ọ̀nà ilé kọfí rẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ léjìká.

"Nives! Dúró ná. Corrado ní kí n sọ fún ọ pé òun ń bọ̀ o. Ó ní kí o má fún ẹnikẹ́ni ní àlùmọ́gàjí rẹ, pé òun lòun fẹ́ kọjú sí ọ nígbà ìkórè ọdún yìí."

Garawa kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń yí gbirigbiri lọ lórí òkúta, ológbò Fadá Silvano sì fò sá.

"Ìgbà wo ló pè?"

"Àná."

"Àná ìgbà wo, Àǹtí?"

Ó wòkè, ó wolẹ̀. "Ọ̀sán ni. Kí agogo tó lù."

"Ẹ sì mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ àná ni mo—"

"Mo mọ̀! Fadá Silvano ló fà á. Káàdì là ń ta. Ṣé o mọ bó ti pẹ́ tó tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa na fadá yẹn? Àná ni Ọlọ́run gbà fún mi. Ayọ̀ ló lé ọ̀rọ̀ Corrado jáde lọ́kàn mi." Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bojú. "Má bínú, ọmọ mi. Wá mu kọfí. Ọ̀fẹ́ ni."

Mi ò mu kọfí kankan.

Ògiri tí àwọn baba ńlá wa mọ láti fi dá ogun dúró ń dá fóònù alágbèéká dúró pẹ̀lú, nítorí náà ilé kọfí Àǹtí Armida ni gbogbo ayé ń pè tí wọ́n bá fẹ́ bá ará Roccaspina sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbí, ọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Tí káàdì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún tún pè ni.

Nílé wa, èèyàn méjì ló ń ká ìlà àjàrà kan. Ọ̀kan á dúró lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún, ewé á wà láàárín wọn, wọ́n á sì jọ máa ká a lọ láti orí ìlà dé ìdí rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìkórè, tí agogo bá ti lù, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ á fún ẹni tó bá fẹ́ kó kọjú sí òun ní àlùmọ́gàjí tó fi ń gé èso, á sì gba tonítọ̀hún. Pàṣípààrọ̀ ni, ó sì di ìgbà tí ìkórè bá parí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kọjú síra wọn ló ń fẹ́ra wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àwọn tọkọtaya ìlú wa léèrè ibi tí wọ́n ti pàdé, ewé àjàrà ni ọ̀pọ̀ wọn á dárúkọ. Tí ọmọbìnrin bá sì yí èrò padà, ó lè gba àlùmọ́gàjí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Kó ṣáà ti fẹnu ara rẹ̀ béèrè, nídìí oúnjẹ ọ̀sán, lójú gbogbo èèyàn.

Ìlú ńlá Bologna ni Corrado ti wá lọ́dún tó kọjá, láti wọn ilé agogo wa tó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lo gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa. Òun ló fi hàn mí pé òkúta ẹnubodè máa ń pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ tí oòrùn bá ń wọ̀. Mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti kékeré, mi ò rí i rí. Nígbà tó ń lọ, ó fẹnu ko ọwọ́ mi, ó ní òun á padà wá nígbà ìkórè. Mo ń wọ̀nà. Nínú àlá mi ó ti padà wá lóríṣiríṣi ọ̀nà: nínú òjò, lórí ẹṣin, àní lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ dì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ṣe é. Kò sí èyí tí Àǹtí Armida wà níbẹ̀.

Nígbà tí agogo wá lù nírọ̀lẹ́ àná tí mi ò rí i, inú bí mi. Elio, ọmọ Bàbá Gino tó ń ṣe wàràkàṣì, sì wá dúró tì mí nídìí kànga.

"Nives, àlùmọ́gàjí rẹ yìí ń sunkún."

"Àlùmọ́gàjí kì í sunkún."

"Tèmi náà ń sunkún. Jẹ́ ká fi wọ́n tu ara wọn nínú."

Mo jù ú lù ú láyà. Bí mo ṣe fún un nìyẹn.

Nígbà tí mo fi máa dé ọgbà àjàrà láàárọ̀ ìkórè yẹn, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Bàbá Oreste, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Nives, ṣé àgùntàn la máa pa fún àlejò rẹ, àbí Elio?"

"Ẹ pa Elio," ni Elio fúnra rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun ọ̀sán."

A wọ ìlà wa. Ìrì ṣì wà lára ewé, èso àjàrà dúdú náà tutù lọ́wọ́ bí omi kànga. Nítorí pé ewé máa ń bo ìka, ẹni tó bá fẹ́ gé gbọ́dọ̀ kígbe "Ọwọ́!" kí ẹni tó kọjú sí i lè yọ tirẹ̀ kúrò. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè á máa ró láàárọ̀: Ọwọ́! Ọwọ́! Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà á rò pé à ń mú olè ni.

Kí n sọ òótọ́, Elio kò mọ èso ká. Ṣírí kan á wọ apẹ̀rẹ̀, ṣírí kan á wọ ẹnu. Ẹnu náà kì í sì í dákẹ́.

"Ṣé wàá béèrè rẹ̀?" ló bi mí láàárín ewé.

"Mi ò mọ̀."

"Etí mi ṣí sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tí o bá máa béèrè, pariwo. Tí o bá rọra sọ ọ́, màá ṣe bí adití."

Láti orí ìlà wa, èèyàn lè rí ọ̀nà tó ń lọ́ gòkè láti àfonífojì, pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn àlejò tó ń wá wo odi wa, tí wọ́n sì ń wá mu wáìnì wa. Èmi àti Elio ti ń fi wọ́n ṣeré láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé: à ń hun ìtàn àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

"Wo ọkọ̀ pupa yẹn," mo ní. "Dókítà eyín ni. Ó ti pẹ́ tó ti nífẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Òní ló fẹ́ sọ fún un."

"Irọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó tì í. Wàràkàṣì bàbá mi ni wọ́n wá rà."

"Elio, kò sí ìfẹ́ nínú ayé rẹ."

"Ó wà. Ìfẹ́ wàràkàṣì ni. Ọwọ́! Ó dáa, ṣé nọ́ọ̀sì náà gbà?"

"Kò tíì gbà. Ó ní kó kọ́kọ́ yọ eyín ara rẹ̀, kí òun mọ̀ pé kò lójo."

Ó da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nù níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, a sì jọ kúnlẹ̀ lábẹ́ wáyà tó gbé àjàrà dúró, à ń ṣa èso.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nígbà tí bọ́ọ̀sì dé ìsàlẹ̀ òkè tí Corrado sì bọ́ sílẹ̀. Mo mọ ìrìn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó gba àárín ọgbà gòkè wá, ó bọ́ kóòtù kọ́ apá, ó sì rẹwà ju bó ti rẹwà nínú àlá mi lọ. Gbogbo ènìyàn ló yọ̀ mọ́ ọn. Fadá Silvano, tó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, dì mọ́ ọn tòun ti oje àjàrà lọ́wọ́. Àǹtí Armida tọrọ àforíjì títí ó fi di pé Corrado ló ń tù ú nínú.

Nígbà tó gbọ́ pé àlùmọ́gàjí mi ti lọ, ó wò mí, ó wo Elio.

"Ẹ̀bi mi ni," ló wí. "Ǹ bá ti pè ṣáájú ìgbà yẹn." Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Bàbá Oreste jẹ́ kí òun kọjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kí oúnjẹ tó jinná, wọ́n ti parí ìlà méjì.

"Ọmọ yìí ń ká èso ju Elio lọ," ni Bàbá Oreste kéde.

"Bàbá, ògiri yẹn náà ń ká èso jù mí lọ," ni Elio fèsì.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Corrado rìn lórí odi ìlú. Oòrùn ń wọ̀. Àwọn òkè tó yí wa ká ti pọ́n bí oyin, ìlà àjàrà sì tò lára wọn bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

"Mi ò lè rán Armida ní èyí tí mo fẹ́ sọ yìí," ni Corrado wí.

"O ṣeun. Ì bá ti gbàgbé rẹ̀ náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú. "Wá sí Bologna, Nives. Àǹtí mi ní ilé ìtàwé lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkúta kan tó gùn débi pé òjò kì í pa èèyàn láti ilé dé ọjà. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a dúró níbẹ̀. Jẹ́ ká ṣègbéyàwó lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Orí òkè yìí ti kéré jù fún ọ."

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú àlá lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò dùn tó bó ti dùn lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Mo rí ilé ìtàwé náà, mo rí ara mi nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ eérú kan tí mi ò ní. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Jẹ́ kó di ọ̀la," ni ohun tó jáde lẹ́nu mi.

"Ọ̀sán ọ̀la ni bọ́ọ̀sì mi. Béèrè àlùmọ́gàjí rẹ nídìí oúnjẹ, kí gbogbo wọn lè mọ̀. Tí ìkórè bá parí, màá wá mú ọ."

Mo bá ìyá àgbà mi, Ersilia, ní ilé ìdáná, ó ń po ìyẹ̀fun. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a máa ń tẹ èso àjàrà sí lára nígbà ìkórè ló ń ṣe. Kò wojú mi kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó ní kó o wá fẹ́ òun."

"Ta ló sọ fún yín?"

"O gbé garawa omi wọlé, kò sí omi kankan nínú rẹ̀. Fọwọ́, wá bá mi tẹ èso."

Mo fọwọ́. A ń tẹ èso sínú ìyẹ̀fun, oje ń ta sí wa lójú.

"Ìyá àgbà, kí ni kí n ṣe?"

"Bí mo bá ní kí o dúró, ara mi nìkan ni mo rò. Bí mo bá ní kí o máa lọ, irọ́ ni mo pa." Ó nu iwájú orí. "Èmi náà gba àlùmọ́gàjí mi padà rí. Tullio ni mo kọ́kọ́ fún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo dìde nídìí oúnjẹ, mo ní, Tullio, dá a padà, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin etí ńlá yẹn ni mò ń lọ. Bàbá àgbà rẹ nìyẹn."

"Ṣé Tullio bínú?"

"Tullio ló jó jù níbi ìgbéyàwó wa. Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Èyí tí o bá fẹ́, fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Àbí o fẹ́ kí Armida bá ọ sọ ọ́?"

Nígbà tí mo dé ọgbà lọ́jọ́ kejì, Elio àti Corrado jọ dúró lórí ìlà wa.

"Mo ti yá a ní àyè mi títí di ọ̀sán," ni Elio wí. "Àyè nìkan ni mo yá a o. Àlùmọ́gàjí ṣì wà lápò mi."

"Ta ló ní kí o yá a?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí." Ó ti ń lọ sí ìlà kejì lọ́dọ̀ Bàbá Oreste. Kò bojú wẹ̀yìn, èyí kì í sì í ṣe ìwà rẹ̀.

Corrado kọjú sí mi. Bó bá ń pe "Ọwọ́," ṣe ló dà bíi pé ó ń bẹ èèyàn. Ó ń sọ̀rọ̀ Bologna fún mi: ilé gíga méjì tó tẹ̀ ju tiwa lọ, ọjà ẹja, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọrin lójú pópó. Ó dùn létí. Mò ń rí gbogbo rẹ̀ láàárín ewé.

Ìgbà yẹn ni mo rí ọkọ̀ búlúù kan tó dúró ní kọ́nà tó ga jù. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ kíákíá, ọkọ̀ náà kò sì tẹ̀ lé e.

"Wò ó," mo ní. "Ó ti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀."

Corrado yẹ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ́ńjìnnì ló gbóná. Kọ́nà yẹn le fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Ní Bologna, wàá rí èèyàn gidi bá sọ̀rọ̀. O ò ní máa hun ìtàn wọn lọ́kàn mọ́."

Dáadáa ló fi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé dáadáa ni. Kí n tó dáhùn, ohùn Elio ti dún láti ìlà kejì.

"Ẹ́ńjìnnì kọ́! Ọkọ rẹ̀ ló ń kọrin! Láti Firenze ló ti ń kọ ọ́, kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì dákẹ́!"

"Orin kan ṣoṣo ni!" mo kígbe padà, kí n tó mọ̀ pé mo ti lanu. "Èyí tó kọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé!"

"Yéè! Ọdún mélòó sẹ́yìn?"

"Ọgbọ̀n ọdún!"

"Ọgbọ̀n ọdún?" ni Bàbá Oreste wí. "Ó ti ní sùúrù, ìyàwó yẹn."

"Ẹ̀yin ọkùnrin!" Àǹtí Armida nìyẹn, láti ìsàlẹ̀. "Bóyá òun ló ń kọrin, tí ọkọ lé e bọ́ sílẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kó dé kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́," ni Fadá Silvano wí. "Orin wo ni, Nives?"

Mo sọ orin náà fún wọn. Mo sọ ibi tí wọ́n ti pàdé, mo sọ àwọ̀ fìlà ọkọ, Elio ń ta kò mí ní gbogbo kókó, mo ń fèsì, gbogbo ọgbà ti dá sí i, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fara ti òpó. Nígbà tí mo nu ojú tán, mi ò rí ẹnikẹ́ni níwájú mi.

Corrado ti parí apá tirẹ̀. Ó ti lọ jìnnà síwájú, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró dè mí. Kò bínú rárá. Ó ń rẹ́rìn-ín bí àgbà ti ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó ń ṣeré, tó mọ̀ pé yóò tó àkókò tí ọmọ náà á wálé. Mo rí i pé báyìí ni yóò máa dúró dè mí láyé wa, pẹ̀lú ìfẹ́, pẹ̀lú sùúrù, títí n ó fi ṣe ohun tí mo jẹ́ tán, bí ẹni pé eré ọmọdé ni.

Obìnrin náà ti dé etí ọgbà, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Gbogbo àlùmọ́gàjí dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo lọ̀nà ilé agogo?" ló béèrè.

Elio ṣí fìlà. "Mà, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ọkọ yín máa ń kọrin?"

Obìnrin náà wò ó. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wa láàárín ewé.

"Ta ló sọ fún yín?"

Ariwo tó sọ nínú ọgbà wa, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní àfonífojì. Fadá Silvano jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa ràn án, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. A ní kí wọ́n wá bá wa jẹun, òun àti ọkọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà gbóná lóòótọ́. Corrado kò parọ́. Ọkọ náà, ọkùnrin kúkúrú kan báyìí, dìde lẹ́yìn ife wáìnì kejì, ó kọrin fún wa. Kò burú tó bí Elio ṣe wí. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́ igi ńlá tó wà létí ọgbà la tẹ́ tábìlì sí. Búrẹ́dì ìyá àgbà wà lórí rẹ̀, àti wàràkàṣì Bàbá Gino, àti wáìnì ọdún tó kọjá. Corrado wo aago, ó dìde dúró.

"Nives," ló wí, "bọ́ọ̀sì kò ní pẹ́ dé."

Àwọn àlejò pàápàá gbé ife sílẹ̀. Elio ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ àlùmọ́gàjí mi jáde, ó gbé e sáàárín tábìlì, níbi tí ọwọ́ mi lè tó o. Mò ń retí ẹ̀fẹ̀. Kò sí. Láti ìgbà tí a ti jọ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, mi ò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Etí rẹ̀ pọ́n, ó tẹjú mọ́ búrẹ́dì rẹ̀.

Mo dìde. Mo yí tábìlì ká lọ bá Corrado, nítorí kì í ṣe ẹni tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ fún láti òkèèrè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ èèyàn rere ni.

"Corrado," mo ní, "mi ò ní gbà á padà. Mi ò ní bá ọ lọ sí Bologna, mi ò sì ní fẹ́ ọ. Elio ni mo fẹ́."